Gbèsè Àbúrò Wa, àti Ìwé Tí A Kò Kà

Kò rọrùn fún ẹni tí ó ń dúró níwájú ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi láti ka Ìwé Mímọ́, tí ó sì ń jókòó nídìí tábìlì akọ̀wé láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, láti jẹ́wọ́ ní gbangba pé gbèsè wọ inú ìdílé òun. Ṣùgbọ́n a ti rí i pé ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́ ni ó wà nínú irú wàhálà tí àwa ti wà, tí ìtìjú kò sì jẹ́ kí wọ́n béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Nítorí wọn ni a ṣe mú kálámù lónìí.

Àbúrò wa, ọmọ ìyá wa kan náà, ń sin ẹja àrọ̀ ní ìhà Odógúnyán ní Ìkòròdú. A máa ta díẹ̀ nínú rẹ̀ ní tútù, a sì máa yan ìyókù, aya rẹ̀ a sì kó o gba ọ̀nà Ìtóìkín wá sí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwa ń gbé. Iṣẹ́ rere ni, ó sì fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ó fẹ́ kí iṣẹ́ náà gbòòrò. Ó yá ₦3,000,000 lọ́wọ́ báńkì kékeré kan. Àlàájà kan tí ń ta oúnjẹ ẹja sì ń fún un ní ọjà àwìn, títí ó fi di ₦1,900,000. Ó sì gba ₦1,500,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tí àwa náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Owó ẹgbẹ́ yìí ni ó kàn wá, nítorí àwa ni onídùúró. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan ni ó mú ìwé náà wá, nígbà tí a ń múra ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fọwọ́ sí ibí yìí.” A fọwọ́ sí i, a kò sì kà á. Àwa tí a ti ń ka ìwé fún àwọn ẹlòmíràn láti ìgbà èwe wa, tí a sì ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn wí pé kí wọ́n má ṣe tẹ ìka sí ohun tí wọn kò mọ̀, àwa ni a kò ka ìwé tí ó so mọ́ ọrùn ara wa. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé Òwe kò fi ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ pamọ́ fún wa. A ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ẹ̀kọ́ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà epo kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti di ₦488 ní Èkó. Ní oṣù kẹfà wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, ó sì já wálẹ̀ gidigidi. Ẹja kì í ná náírà, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹja ń jẹ ni náírà ń rà: àgbàdo, ẹ̀wà sóyà, àti oúnjẹ inú àpò tí ó ti òkè òkun wá, jẹnẹrétọ̀ tí ń fa omi sì ń mu epo ní òru àti ní ọ̀sán. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ẹ̀rọ ìfami dákẹ́ ní òru ọjọ́ kan, omi adágún méjì bàjẹ́, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ẹja ti léfòó bí ewé.

Láti ọjọ́ náà ni àbúrò wa ti bẹ̀rẹ̀ sí fara pamọ́. Ó pa tẹlifóònù rẹ̀. Ó ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá kí ó má bàa dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Àlàájà. Kò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, kò sì wí ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí Àlàájà wá sí ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, tí ó jókòó sí àga wa, tí ó ní òun yóò mú ọlọ́pàá wá, ni a tó mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí.

Nígbà tí a rí i tí ó jókòó bẹ́ẹ̀, a rántí ológò ìgbà àwọn baba wa. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n sì tẹ̀ ní 1921, ó sọ bí àwọn olówó ṣe ń rán ológò lọ sí ilé onígbèsè: a jókòó tì í, a fi ariwo àti èébú kún ilé, a mú adìẹ tàbí àgùntàn tí ó bá rí, títí ara gbogbo àwọn ará ilé yóò fi kọ̀ ọ́, tí wọn yóò sì wá owó náà jáde. Ìwọ̀fà ẹ̀wẹ̀ ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san èlé, owó gan-an a sì dúró bí ó ti wà. Àwọn àṣà wọ̀nyẹn ti lọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú wọn tí kò ì tí ì lọ: ìtìjú ni a fi ń gba owó lọ́wọ́ wa, ìtìjú náà ni ó sì ń mú wa sá.

Gbogbo ẹbí ni ó di olùdámọ̀ràn. Ọ̀kan ní kí àbúrò wa kọ ìwé sọ̀wédowó tí ọjọ́ rẹ̀ wà níwájú fún olúkúlùkù wọn, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Aya rẹ̀ ní kí a yí ìwé ọkọ̀ akẹ́rù sí orúkọ ọmọkùnrin wọn àgbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó wà ní Houston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ̀ wá láago pé kí a má yọ ara wa lẹ́nu, kí àbúrò wa sáà “gba Orí Keje” kí gbogbo rẹ̀ parí. A kò mọ ohun tí Orí Keje jẹ́. Níkẹyìn a mú àbúrò wa ní ọwọ́, a sì lọ sí ọ̀dọ̀ àgbà agbẹjọ́rò kan ní Ìkòròdú.

Ohun tí ó kọ́kọ́ béèrè yà wá lẹ́nu. Ó ní, “Ta ni oníbàárà mi nínú ẹ̀yin méjèèjì?” A ní àwa méjèèjì ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ó bá dára fún onígbèsè lè má dára fún onídùúró rẹ̀, àti pé agbẹjọ́rò kan kò gbọdọ̀ dúró fún àwọn méjèèjì. Òun yóò ṣe àlàyé òfin fún wa pọ̀. Lẹ́yìn náà àbúrò wa ni yóò jẹ́ oníbàárà òun, kí àwa sì lọ wá tiwa.

Ó kọ́kọ́ tú ìmọ̀ràn àwọn ẹbí ká. Ẹni tí ó bá kọ sọ̀wédowó nígbà tí ó mọ̀ pé kò sí owó ní báńkì ti sọ gbèsè di ọ̀ràn, nítorí òfin ọdún 1977 lòdì sí i. Ẹni tí ó bá fi ọkọ̀ rẹ̀ pamọ́ sí orúkọ ọmọ rẹ̀ kí àwọn olówó má bàa rí i, ilé ẹjọ́ lè gba ọkọ̀ náà padà, ìwà náà yóò sì jẹ́rìí lòdì sí i níwájú adájọ́. Ní ti ọlọ́pàá, ó ní kí a má bẹ̀rù, nítorí òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí kìkì pé ó kùnà àdéhùn tàbí pé ó jẹ gbèsè.

Lẹ́yìn èyí ó tẹ́ ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀ níwájú wa.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni kí onígbèsè fúnra rẹ̀ lọ bá ilé ẹjọ́ pé òun kò lè san, kí wọ́n sì kéde pé ó ti wọko gbèsè, lábẹ́ òfin ọdún 1979. Kì í ṣe ilé ẹjọ́ gíga tí ó wà ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ ni a ń lọ fún èyí. Òfin ìpìlẹ̀ ti ọdún 1999 fi í sí ọwọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, Ìkòyí sì ni èyí tí ó wà fún Èkó. Oníṣẹ́ ilé ẹjọ́ yóò gba gbogbo dúkìá rẹ̀, wọn yóò tà á, wọn yóò sì pín in fún àwọn olówó, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìnáwó ilé ẹjọ́ kúrò. Aṣọ, ibùsùn àti ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ tí kò níye lórí púpọ̀ ni wọn yóò fi sílẹ̀ fún un. Ilé tí ó jẹ́ ti ẹbí kì í ṣe tirẹ̀ láti tà. Wọn yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀ ní gbangba ilé ẹjọ́. Títí wọn yóò fi dá a sílẹ̀, kò lè du ipò aṣòfin, ti gómìnà tàbí ti ààrẹ. Nígbà tí ó bá sì béèrè ìdásílẹ̀, adájọ́ yóò wò ó bóyá ó ní ìwé ìṣirò owó tí ó yẹ fún iṣẹ́ rẹ̀, bóyá ó ń bá òwò lọ lẹ́yìn tí ó ti mọ̀ pé apá òun kò ká a mọ́, àti bóyá tẹ́tẹ́ tàbí ayé jíjẹ ni ó gbé e dé ibẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni àdéhùn lábẹ́ ojú ilé ẹjọ́. Onígbèsè yóò sọ iye tí ó lè san àti ìgbà tí yóò san án. Bí àwọn olówó tí ó pọ̀ jù ní iye ènìyàn bá gbà, tí owó tí a jẹ àwọn tí ó gbà yìí sì tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo gbèsè náà, tí adájọ́ sì fọwọ́ sí i, ó di dandan fún gbogbo wọn, títí kan ẹni tí kò gbà.

Ọ̀nà kẹta ni àdéhùn lẹ́yìn òde ilé ẹjọ́, tí agbẹjọ́rò yóò kọ, tí olúkúlùkù yóò sì fọwọ́ sí. Kò náni lówó púpọ̀, kò sì ní ariwo. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fọwọ́ sí i nìkan ni ó dè. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i lè pe ẹjọ́ ní ọ̀la.

Nígbà náà ni Orí Keje tó yé wa. Ní Amẹ́ríkà, Orí 7 nínú òfin wọn ni pé kí a ta dúkìá onígbèsè tí òfin kò bá dá sí, kí a sì tú u sílẹ̀. Orí 13 ni pé kí ó máa san díẹ̀díẹ̀ láti inú owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ọ̀nà kíkéde àti ọ̀nà àdéhùn wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí wọ́n bá sì kéde níbẹ̀ sábà máa ń gba ìdásílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Kò sí ibi tí ìbéèrè náà kò ti jẹ́ ọ̀kan: ṣé kí a kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí a lọ, tàbí kí a dúró kí a máa san án? Ṣùgbọ́n òfin olúkúlùkù ilẹ̀ yàtọ̀, ẹni tí ó wà ní Houston kò sì lè fi ti ibẹ̀ yàn fún ẹni tí ó wà ní Ìkòròdú.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni àbúrò wa mú lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n kó o. Mo fẹ́ sùn.” A kò dá a lẹ́bi, nítorí ojú rẹ̀ ti rẹ̀. Agbẹjọ́rò náà wò ó pẹ́, ó sì wí pé, “Ó kù ohun kan tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ilé ẹjọ́ bá dá yín sílẹ̀, kò dá onídùúró yín sílẹ̀. Ohun tí dúkìá yín kò bá tó san nínú owó ẹgbẹ́, ẹ̀gbọ́n yín yìí ni wọn yóò bi.” Àbúrò wa yí ojú sí wa. Kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwa náà kò sì mọ̀. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. A dákẹ́ gbogbo wa, títí àbúrò wa fi ní kí a gbìyànjú ọ̀nà kẹta, kí a sì fi ìkejì sẹ́yìn.

Agbẹjọ́rò náà mú pẹ́ńsù, ó ṣírò fún wa. Gbogbo gbèsè jẹ́ ₦6,400,000. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ₦4,800,000. Báńkì àti ẹgbẹ́, ₦4,500,000, kò tó. Báńkì àti Àlàájà, ₦4,900,000, ó tó. “Nítorí náà,” ó ní, “bí a tilẹ̀ dé ilé ẹjọ́, láìsí Àlàájà kò sí àdéhùn.” Ẹni tí àbúrò wa ń sá fún jùlọ ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

A lọ bá a ní ọjọ́ Tuesday kan, àwa, àbúrò wa, àti ìwé ìṣirò mẹ́ta. A gbọ́dọ̀ fi ìyìn fún ẹni tí ìyìn yẹ: bí àbúrò wa ti ń fara pamọ́ tó, kò dáwọ́ kíkọ ìwé rẹ̀ dúró. Gbogbo àpò oúnjẹ, gbogbo ẹja tí ó kú, gbogbo epo, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Àlàájà kò wo ilẹ̀ tí ó wà. Ó gba ìwé náà, ó pe ọmọbìnrin rẹ̀ kí ó kà á fún òun, ó sì gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wá ní, “Kì í ṣe owó ni ó bí mi nínú. Èmi náà gba ọjà yìí ní àwìn. Bí o bá ti wá sọ fún mi ní ọjọ́ tí ẹja kú, n bá ti bẹ ẹni tí mo jẹ. O jẹ́ kí n dúró bí òmùgọ̀ níwájú rẹ̀.” Àbúrò wa sunkún. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà Àlàájà rán ọmọ rẹ̀ wá pé òun gbà.

Báńkì náà rí i pé kíkéde kò lè fún wọn ní owó púpọ̀, nítorí ohun tí a bá tà ní gbàǹjo kì í pa owó gidi. Wọ́n gbà, wọ́n sì yọ owó ìtanràn kúrò. Àdéhùn náà ni pé kí a ta ọkọ̀ akẹ́rù ní ₦1,600,000, kí a pín in ní kọ́bọ̀ 25 lórí náírà kọ̀ọ̀kan fún olúkúlùkù wọn, kí ₦4,800,000 tí ó kù máa wọlé ní ₦100,000 lóṣooṣù, fún ọdún mẹ́rin.

Ó wá ku tiwa. Àwa ti lọ bá ọ̀dọ́bìnrin agbẹjọ́rò kan ní Ẹ̀pẹ́ bí àgbà ti wí. Ó gba ìwé onídùúró náà, ó sì kà á sí wa létí, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a gbọ́ ọ. Ó ní kò sí ibi kankan nínú rẹ̀ tí ó fi àyè gba ẹgbẹ́ láti fi àkókò kún àkókò fún onígbèsè láìbéèrè lọ́wọ́ wa. Ó wá sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀: “Àdéhùn tuntun tí ẹgbẹ́ fẹ́ fọwọ́ sí yìí, kò sí orúkọ yín nínú rẹ̀. Wọ́n gbàgbé yín. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i láìsí ìyọ̀ǹda yín, òfin lè tú yín sílẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin ni ẹ ó yàn.”

Ẹ̀yin ènìyàn wa, kí a má purọ́: inú wa dùn. Kò sí ohun tí a ó ṣe ju kí a dákẹ́ lọ. Ọjọ́ méjì ni a fi dákẹ́. A ń wí fún ara wa pé àwa kọ́ ni a kọ àdéhùn náà, pé òfin ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ kejì, aya wa béèrè ohun tí ó ń dà wá láàmú, a sì sọ fún un. Kò bá wa jiyàn. Ó kàn ń ka orúkọ àwọn tí owó wọn wà nínú ẹgbẹ́ náà: ìyá tí ń yan ẹja ní etí ọ̀sà, tísà méjì, opó tí ń gbá ilé ìjọsìn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ bá alága ẹgbẹ́, a ní, “Ẹ ti gbàgbé orúkọ wa. Ẹ fi kún un.” Ní ọjọ́ náà a ka gbogbo ìwé náà kí a tó fọwọ́ sí i.

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni sísan ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tí ì parí. Oṣù kan wà tí kò pé. Àbúrò wa lọ sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ọjọ́ tó pé, kò sì sí ẹni tí ó gbé ohùn sókè. Ó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Àlàájà kọjá nísinsìnyí, owó lọ́wọ́ ni ó sì fi ń ra oúnjẹ ẹja níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ó wà nínú irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀ yín. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹ jẹ lówó kí wọ́n tó wá sí ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ sì mú ìwé ìṣirò dání. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun pamọ́ sí orúkọ ọmọ tàbí aya. Ẹ wá agbẹjọ́rò kí ẹ tó yàn ọ̀nà. Bí owó kò bá sí, ìjọba Èkó ní ilé ìlàjà fún àwọn ará ìlú àti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò fún aláìní, tí kì í gba owó. Ní ti ẹ̀yin onídùúró, ẹ ka ìwé yín lónìí, kì í ṣe ní ọjọ́ tí ilé bá dàrú.

Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, opó kan wà tí olówó fẹ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́rú. Kí Èlíṣà tó ṣe iṣẹ́ ìyanu kankan, ó kọ́kọ́ bi í ní ohun tí ó ní nínú ilé, obìnrin náà kò sì fi ìkòkò òróró kan ṣoṣo tí ó ní pamọ́. Nígbà tí òróró náà sì pọ̀, gbèsè ni wòlíì ní kí ó kọ́kọ́ san, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó jẹ nínú ìyókù. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn láti dáhùn ìbéèrè náà ní òtítọ́.